Ẹ Má Yọ Eyín Dírágónì: Bí A Ṣe Lè Tún Ìtàn Àtijọ́ Sọ fún Àwọn Ọmọdé

Ohun tí mo sọ lórí ètò ni mo kọ sílẹ̀ yìí. Mo kàn yọ ikọ́ mi àti ariwo jẹnẹrétọ̀ ará ilé kejì kúrò nínú rẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ tòní dá lórí ìtàn dírágónì. N kò ní pa ìtàn kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin bí mo ṣe máa ń ṣe. Iṣẹ́ tó wà nídìí ìtàn ni mo fẹ́ ṣàlàyé: bí a ṣe ń mú ìtàn àtijọ́ tí wọ́n ṣe fún àgbàlagbà, tí a sì ń tún un sọ kí ọmọdé lè gbọ́ ọ. Àwọn nǹkan kan wà tí a lè yọ kúrò. Àwọn kan wà tí a lè dín kù. Ohun kan sì wà tí a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Èmi fọwọ́ kan ohun yẹn, ọmọ ọdún mẹ́jọ ló sì mú mi.

Ìtàn tí mo bà jẹ́

Nínú àwọn ètò tí a ń ṣe fún àwọn ọmọdé, mo gbà láti sọ ìtàn Beowulf ní èdè Yorùbá, ní apá mẹ́ta. Ewì gígùn ni Beowulf, ìlà rẹ̀ lé ní 3,000. Èdè Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ni wọ́n fi kọ ọ́, irú èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì òde òní pàápàá kò lè kà bí wọn kò bá kọ́ ọ. Ẹ̀dà àfọwọ́kọ kan ṣoṣo ló kù ní gbogbo ayé. Nǹkan bí ọdún 1000 ni wọ́n kọ ọ́. Ní ọdún 1731, ilé tí wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí gbiná, iná sì jó etí ìwé náà. British Library ní Lọ́ńdọ̀n ló wà báyìí.

Ṣùgbọ́n ìtàn inú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rárá. Denmark ni apá àkọ́kọ́ ti ṣẹlẹ̀, níbi tí Beowulf, ọ̀dọ́mọkùnrin alágbára kan, ti pa abàmì kan tó ń jẹ́ Grendel, tó sì tún pa ìyá Grendel. Ilẹ̀ àwọn Geat, ní gúúsù Sweden òde òní, ni apá ìkẹyìn ti ṣẹlẹ̀. Ibẹ̀ ni dírágónì wà.

Nígbà yẹn Beowulf ti di ọba. Ó ti lo àádọ́ta ọdún lórí oyè, ó ti darúgbó. Nínú òkìtì òkúta kan lẹ́bàá òkun, dírágónì kan ti ń ṣọ́ ìṣúra fún 300 ọdún. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹrú kan tó ń sá fún ẹgba ló yọ́ wọ ibẹ̀, ó jí ife kan ṣoṣo, ó sì gbé e lọ fi bẹ ọ̀gá rẹ̀. Nígbà tí dírágónì jí, ó rí i pé wọ́n ti ja òun lólè. Ó dúró dìgbà tí ilẹ̀ ṣú, ó fò jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tu iná. Ó jó ilé àwọn ará ìlú, ó sì jó ààfin ọba pẹ̀lú.

Ọba ní kí wọ́n rọ asà irin fún òun, nítorí ó mọ̀ pé asà onígi yóò jóná. Ó mú ọkùnrin mọ́kànlá dání, àti ẹni tó jí ife náà kó lè júwe ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, ó ní kí wọ́n dúró, pé ìjà òun nìkan ni. Idà rẹ̀ dá. Iná bò ó. Àwọn èèyàn rẹ̀ sá wọ inú igbó, àfi ẹnì kan ṣoṣo, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Wiglaf, tó jẹ́ pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí yóò bá ọba jà lójú ogun. Wiglaf la èéfín kọjá, ó lọ bá ọba. Asà tirẹ̀ jóná, ó bá sá sábẹ́ asà ọba. Dírágónì bu ọba jẹ lọ́rùn. Wiglaf gún un nísàlẹ̀ ikùn, iná náà rọlẹ̀, ọba sì fa ọ̀bẹ yọ, ó gé ẹranko náà láàárín.

Dírágónì kú. Ṣùgbọ́n oró rẹ̀ ti wọ ara ọba. Wiglaf jókòó tì í, ó ń fi omi wẹ̀ ẹ́. Beowulf kú níbẹ̀. Wọ́n sun òkú rẹ̀, wọ́n sì mọ òkìtì gíga kan sí etí òkun kí àwọn atukọ̀ lè máa rí i láti òkèèrè. Ìṣúra tó tìtorí rẹ̀ kú, inú ilẹ̀ ni wọ́n dá a padà sí.

Bí ìwé náà ṣe parí nìyẹn. Bí èmi ṣe parí rẹ̀ nìyí: mo ní ọba sinmi díẹ̀ lábẹ́ igi, ara rẹ̀ yá, ó gun ẹṣin padà sílé, wọ́n sì lu ìlù kí i káàbọ̀. Mo tilẹ̀ fi ìlù sí i. Ó dùn létí.

Ìdí tí mo fi ṣe bẹ́ẹ̀ kò ju pé ẹ̀rù bà mí lọ. Mo rò ó pé àwọn òbí yóò bínú. Mo rò ó pé ọmọ kan yóò sunkún lóru, ìyá rẹ̀ yóò sì sọ pé ètò wa kò dára fún ọmọdé.

Kí n tó gbé e jáde, mo fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gbọ́. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni. Ó ki íápíìsì bọ etí, ó jókòó sórí àga ìdáná, kò sì mira títí tí gbogbo rẹ̀ fi parí. Mo bi í pé ṣé ó dùn. Ó ní ó dùn. Ó wá dákẹ́ díẹ̀, ó ní:

"Àǹtí, oró yẹn ńkọ́?"

Mo ní, "Oró wo?"

"Ẹ ní ó bù ú jẹ lọ́rùn, ẹ ní oró wà léyín rẹ̀. Níbo ni oró náà gbà lọ?"

Mo ní ó kàn lọ ni, ara ọba ti yá.

Ó wò mí. Ó ní, "Ṣé bí Bàbá Àgbà ṣe rìnrìn àjò náà ni?"

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Oṣù mẹ́rin ṣáájú ìgbà yẹn ni bàbá wa kú. Gbogbo ilé sì fẹnu kò pé kí a má sọ fún àwọn ọmọ. A ní Bàbá Àgbà rìnrìn àjò. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí a ti máa ń ṣe é nìyẹn. Ohun tí a gbàgbé ni pé wọ́n lẹ pósítà ìsìnkú mọ́ géètì wa, àwòrán Bàbá sì wà lórí rẹ̀ gàdàgbà. Ọmọ ọdún mẹ́jọ mọ̀wé kà. Ó ti kà á. Ó kàn ń wò wá láti ọjọ́ yẹn ni.

Ohun tó wà nínú ìtàn náà

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi ara mi pé, kí ni ìtàn dírágónì wà fún gan-an? Àwọn tó pa ìtàn yìí nígbà láéláé kò pa á láti kọ́ èèyàn bí a ṣe ń pa ẹranko. Kò sí ẹni tó rí dírágónì rí. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ewu kan wà tó ju agbára wa lọ, pé ẹnì kan dúró níwájú rẹ̀, pé ó sì ná ẹni náà ní nǹkan. Bí ẹ bá mú dírágónì tó le, tí ẹ sì sọ pé kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, ẹ ti yọ eyín rẹ̀. Ọmọdé a sì mọ̀. Ọmọ tó ti rí ìṣòro gidi nínú ilé rẹ̀ ni yóò tètè mọ̀ jù.

Nítorí náà, òfin tí mo ń tẹ̀lé báyìí kò gùn: a lè dín ẹ̀jẹ̀ kù, a kò gbọdọ̀ fi iye tí wọ́n san pamọ́. Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn méjì mìíràn ṣe àpẹẹrẹ.

Fáfnir: ẹni tó jẹ́ èèyàn rí

Ìtàn kìíní wá láti Iceland, nínú ìwé Völsunga saga tí wọ́n kọ ní ọ̀rúndún kẹtàlá. Dírágónì inú rẹ̀ ń jẹ́ Fáfnir. Wọn kò bí Fáfnir ní dírágónì. Ọmọ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Hreidmar ni. Wúrà púpọ̀ dé ọwọ́ bàbá rẹ̀, Fáfnir pa bàbá náà nítorí wúrà, kò fún àbúrò rẹ̀, Regin, ní ìpín kankan. Ó kó wúrà náà lọ sí aginjù, ó dùbúlẹ̀ lé e lórí, ó sì ń ṣọ́ ọ títí ó fi di dírágónì.

Regin wá tọ́ ọmọ kan tó ń jẹ́ Sigurd dàgbà, ó ní kó lọ pa Fáfnir. Sigurd gbẹ́ kòtò sí ojú ọ̀nà tí dírágónì máa ń gbà lọ mu omi, ó fara pamọ́ sínú rẹ̀, ó sì gún un láti ìsàlẹ̀. Regin ní kó yan ọkàn dírágónì náà fún òun. Nígbà tí Sigurd ń yan án, ó fọwọ́ kàn án wò bóyá ó ti jinná, ó jó o níka, ó ki ìka bọ ẹnu. Lójú ẹsẹ̀ ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ èdè ẹyẹ. Àwọn ẹyẹ ń sọ pé Regin fẹ́ dalẹ̀ rẹ̀. Sigurd bẹ́ orí Regin.

Ẹ rí i pé ẹ̀jẹ̀ pọ̀ níbẹ̀. Kí ni mo ń ṣe sí i? Ìka tó jóná àti àwọn ẹyẹ, mo fi wọ́n sílẹ̀ pátápátá, nítorí ibẹ̀ ni àwọn ọmọdé máa ń rẹ́rìn-ín, tí wọ́n sì máa ń la ẹnu sílẹ̀. Orí bíbẹ́, mo fi gbólóhùn kan kọjá níbẹ̀: "Regin kò délé mọ́." Bí ọgbẹ́ dírágónì ṣe rí, n kò júwe rẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò gbọdọ̀ yọ ti pé Fáfnir jẹ́ èèyàn rí, pé ọmọ ni, pé ẹ̀gbọ́n ni. Bí mo bá yọ ọ́, ojúkòkòrò á di àìsàn tó ń ṣe ẹranko inú igbó nìkan. Bí mo bá fi í sílẹ̀, ọmọ tó ń gbọ́ ọ á ronú nípa ara rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀.

Èmi kọ́ ni mo kọ́kọ́ tún ìtàn yìí sọ fún ọmọdé. Andrew Lang fi í sínú The Red Fairy Book ní ọdún 1890. J. R. R. Tolkien kà á nígbà tó wà lọ́mọdé, kò sì jáde lọ́kàn rẹ̀. Nígbà tó dàgbà, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń kọ́ni ní Beowulf ní Oxford, ó sì kọ The Hobbit, tó jáde ní ọdún 1937. Bí ẹ bá ti ka ìwé yẹn, ẹ rántí pé ife kan ni Bilbo kọ́kọ́ jí lọ́dọ̀ dírágónì. Ẹ ti mọ ibi tí ife náà ti wá báyìí.

Jọ́ọ̀jì mímọ́: àwọn ọmọ tó ṣáájú ọmọ ọba

Ìtàn kejì, ọ̀pọ̀ yín ti rí àwòrán rẹ̀: ọkùnrin lórí ẹṣin funfun tó ń fi ọ̀kọ̀ gún dírágónì. Ìwé tó mú un gbajúmọ̀ jù lọ ni Legenda Aurea, tí àlùfáà ará Ítálì kan, Jacobus de Voragine, kó jọ ní ọ̀rúndún kẹtàlá. Nínú ìwé náà, ilẹ̀ Áfíríkà wa níbí ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, ní ìlú kan tó pè ní Silene, ní Libya.

Dírágónì kan ń gbé inú adágún omi tó wà nítòsí ìlú náà. Láti fi pa á lẹ́nu mọ́, wọ́n ń fún un ní àgùntàn méjì lójoojúmọ́. Nígbà tí àgùntàn fẹ́ tán, wọ́n ń fún un ní àgùntàn kan àti èèyàn kan. Wọ́n ń ṣẹ́ kèké láti mọ ẹni tó kàn. Lọ́jọ́ kan, kèké mú ọmọbìnrin ọba. Ọba ní kí àwọn ará ìlú gba wúrà àti fàdákà òun, kí wọ́n gba ìdajì ìjọba òun, kí wọ́n ṣáà fi ọmọ òun sílẹ̀. Wọ́n bínú. Wọ́n ní ìwọ lo ṣe òfin yìí, àwọn ọmọ tiwa ti kú tán, o wá fẹ́ dá tìrẹ sí?

Ọ̀pọ̀ ìwé ọmọdé ló máa ń fo ibẹ̀. Ọmọ ọba tó ń sunkún ni wọ́n máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n fò yẹn gan-an ni eyín dírágónì. Kí ó tó kan ọmọ ọba, àwọn ọmọ tí kò sí ẹni tó mọ orúkọ wọn ti lọ. N kò ní láti fi hàn bí dírágónì ṣe jẹ wọ́n. Mo kàn ní láti sọ pé wọ́n wà, pé wọ́n ní ìyá. Àwọn ọmọ tó ń gbọ́ mi tètè máa ń lóye rẹ̀, nítorí kò sí ohun tí ọmọdé mọ̀ tó ìrẹ́jẹ.

Ohun mìíràn tún wà tí wọ́n máa ń fò. Ọmọbìnrin yẹn kò kàn dúró sunkún. Nígbà tí Jọ́ọ̀jì dé, ó ní kó máa lọ, kó má bàa bá òun kú. Nígbà tí Jọ́ọ̀jì sì ti ṣá dírágónì lọ́gbẹ́, ọmọbìnrin náà ló fi ìgbànú ara rẹ̀ so ó lọ́rùn, tó sì fà á wọ ìlú bí ajá. Ẹni tó bá ń wá akọni obìnrin kò ní láti dá tirẹ̀ sílẹ̀. Ó wà nínú ìwé láti ìgbà yẹn.

Nínú ìwé náà, Jọ́ọ̀jì ní òun kò ní pa dírágónì títí tí àwọn ará ìlú yóò fi gbà láti ṣe ìrìbọmi. Ọmọ mùsùlùmí ń gbọ́ ètò wa, ọmọ kìrìsìtẹ́nì ń gbọ́ ọ. Mo rò ó lọ rò ó bọ̀, mo wá pinnu láti sọ ọ́ bó ṣe wà: pé àlùfáà ló kọ ìwé náà, ohun tó kọ sí i sì nìyẹn. N kò fi kún un, n kò yọ kúrò níbẹ̀.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìtàn tuntun àti irọ́

Ẹnì kan lè bi mí pé, ṣé dírágónì kò lè dára ni? Àwọn ọmọ ti wo How to Train Your Dragon, wọ́n mọ̀ pé èèyàn lè bá dírágónì ṣọ̀rẹ́. Òótọ́ ni. Kò sì bẹ̀rẹ̀ lánàá. Ní ọdún 1898, Kenneth Grahame kọ The Reluctant Dragon. Dírágónì inú rẹ̀ fẹ́ràn ewì, kò fẹ́ jà rárá, òun àti Jọ́ọ̀jì sì jọ ṣètò ìjà tí wọ́n máa fi tan àwọn ará ìlú. Ní ọdún 1900, ìwé E. Nesbit, The Book of Dragons, jáde, àwàdà sì kún inú rẹ̀.

Àwọn wọ̀nyẹn kò purọ́. Ìtàn tuntun ni wọ́n kọ, wọ́n sì jẹ́ kí ẹ mọ̀. Àṣìṣe tèmi yàtọ̀. Mo di orúkọ Beowulf mú, mo di oró mú, mo di ìjà mú, mo wá fi ikú pamọ́ sẹ́yìn ìlù. Bí ẹ bá fẹ́ dírágónì tí kò ní pa ẹnikẹ́ni, ẹ dá a sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ má fún un ní oró rárá. Ẹni tó bá sì fẹ́ mọ bí a ṣe ń sọ ti Beowulf fún ọmọdé láìyọ ikú rẹ̀, kó wá ìwé tí Rosemary Sutcliff gbé jáde ní ọdún 1961. Ọba kú níbẹ̀. Àwọn ọmọ ti ń kà á láti ìgbà náà.

Àwa náà ńkọ́? Nínú àlọ́ Olúrónbí, gbogbo wa mọ ohun tí obìnrin náà ṣèlérí fún Ìrókò, a sì mọ̀ pé Ìrókò gba ọmọ náà. Àwọn ìyá wa kò yí i padà. Wọ́n pa á fún wa pẹ̀lú orin, a sì gbè é. Kò sí ẹni tó sọ pé ó ti le jù fún wa. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé wọ́n wà níbẹ̀ pẹ̀lú wa nígbà tí wọ́n ń pa á.

Bí mo ṣe ń ṣe é báyìí

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́, àti ẹ̀yin tí ẹ̀yin náà ń ṣe ètò, ẹ gbọ́ díẹ̀ nínú ohun tí mo kọ́.

Ẹ jẹ́ kí ọmọ mọ ohun tí ẹ ń sọ. Mo kọ́kọ́ fẹ́ pe dírágónì ní "ejò abìyẹ́". Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ tí wọ́n ń lò nínú Beowulf náà, ejò ló túmọ̀ sí pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n orúkọ náà dírágónì kò ṣàjèjì sí wa, ó wà nínú Bíbélì Yorùbá, nínú Ìwé Ìfihàn. Nítorí náà, mo lo dírágónì, mo sì fi ohun tí wọ́n mọ̀ júwe rẹ̀: ara bíi ti erè, awọ bíi ti ọ̀nì, ìyẹ́ bíi ti àdán. Ewì náà ní ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 50. Mo ní kí wọ́n to danfó mẹ́ta tẹ̀lé ara wọn.

Ẹ má pa gbogbo dírágónì pọ̀. Dírágónì ilẹ̀ Ṣáínà kì í ṣe ẹbí Fáfnir. Òjò àti odò ni iṣẹ́ tirẹ̀, wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún un ni, wọn kì í sábà wá akọni tí yóò pa á.

Ẹ lo ohùn pẹ̀lẹ́. Lórí ètò bíi tiwa, kò sí àwòrán, ọmọ ló máa ya dírágónì fúnra rẹ̀, èyí tó bá sì yà ló máa ń le jù. Àpò ìrẹsì tí mo wọ́ lórí sìmẹ́ǹtì ni mo fi ṣe ìrìn dírágónì. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe é, mo gbé ohùn rẹ̀ sókè gan-an. Mo ti rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ báyìí. Ibi tí ẹ̀rù bá wà, ẹ sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ẹ má sì pẹ́ níbẹ̀.

Bí ẹnì kan bá kú nínú ìtàn, ẹ sọ pé ó kú. Ẹ má sọ pé ó sùn. Ọmọ tí ẹ bá sọ fún pé ọba sùn tí kò sì jí mọ́, báwo ni yóò ṣe sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn?

Ẹ má parí ìtàn síbi ikú. Beowulf fúnra rẹ̀ kò parí síbẹ̀. Òkìtì wà létí òkun, àwọn atukọ̀ ń rí i. Ẹ fún ọmọ ní ohun tó ṣẹ́ kù.

Ẹ sì fi àyè ìbéèrè sílẹ̀. Ẹ má ṣe pa iná kẹ́ ẹ sì jáde bí ìtàn bá ti tán. Ẹ jókòó díẹ̀.

Ìtàn náà lẹ́ẹ̀kejì

Mo lọ bá ẹ̀gbọ́n mi lálẹ́ ọjọ́ tí ọmọ yẹn bi mí ní ìbéèrè. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ yìí ti mọ̀ o." Wọ́n kọ́kọ́ bínú sí mi, wọ́n ní ṣé èmi ni mo sọ fún un. Mo ní pósítà ni. Wọ́n dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pe ọmọ náà wọ yàrá, wọ́n sì sọ fún un pé Bàbá Àgbà kú. Èmi wà lẹ́nu ọ̀nà.

Ọmọ náà sunkún. Kì í ṣe pé a rí ojú rere kankan nínú rẹ̀, ó sunkún gidi, ó sì bínú pé a tan òun jẹ. Nígbà tó yá, ó béèrè pé, "Ta ló jókòó tì wọ́n?" Ẹ̀gbọ́n mi ní àwọn ni. Wọ́n ní àwọn di ọwọ́ Bàbá mú ní ọsibítù títí ilẹ̀ fi mọ́. N kò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu wọn rí títí di ọjọ́ yẹn, torí pé kò sí ẹni tó bi wọ́n.

Mo padà lọ tún apá kẹta gbà sílẹ̀. Mo yọ ìlù. Mo jẹ́ kí ọba kú. Ibi tí mo fi kún ni ibi tí Wiglaf ti jókòó tì í tó ń fi omi wẹ̀ ẹ́. Tẹ́lẹ̀, gbólóhùn kan ni mo fún ibẹ̀. Ó ti lé ní ìṣẹ́jú kan báyìí, kò sì sí nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ju omi àti ohùn méjì lọ.

Àwọn àgbà ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ sọ ìtàn dírágónì fún ọmọ nílé yín lọ́sẹ̀ yìí, ẹ mú èyí tí ẹ fẹ́ràn, ẹ dín ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kù bó ṣe yẹ ọjọ́ orí ọmọ náà, kí ẹ sì fi eyín rẹ̀ sílẹ̀ sí ẹnu rẹ̀. Ẹ kàn jókòó tì í ni.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, Sigurd àti àwọn ẹyẹ ni a máa gbọ́, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ pe àwọn ọmọ wá. Ó dìgbà náà o.